Oògùn Ṣúgà Tí À Ń Lò, Ṣé Kíndìnrín Wa Lè Gbé E?

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ ká jọ sọ, torí ó kù díẹ̀ kó gba ẹnìkan lọ́wọ́ àwa tí à ń ta èlùbọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tí ìsọ̀ èmi àti tiẹ̀ jọ fara kanra ti ń lo Daonil fún àtọ̀gbẹ, ìyẹn ìtọ̀ ṣúgà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Oògùn kan náà, iye kan náà, kẹ́míìsì kan náà. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ọkọ̀ ẹrù tètè dé, ẹ̀gbọ́n lo oògùn ṣùgbọ́n kò ráyè jẹun. Kò pẹ́ ni òógùn bò ó, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó wá ń sọ ìsọkúsọ. Àwọn kan ní ayé ni. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó wá ra èlùbọ́, tó ní ká tètè fún un ní omi ṣúgà nígbà tó ṣì lè gbé e mì. Ojú ẹ̀ wálẹ̀, a ti ń dúpẹ́. Àfi bó ṣe di ọ̀sán tí gbogbo ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀! Ọsibítù la sáré gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò ló fi hàn pé kíndìnrín ẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Òun ò mọ̀. Ẹni tó ń ta oògùn fún un náà ò béèrè rí.

Ẹ wò ó, kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa bí a ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Òun ló ń kó ìdọ̀tí àti àṣẹ́kù ọ̀pọ̀ oògùn jáde gba inú ìtọ̀. Bí asẹ́ bá dí, oògùn àná ò tíì jáde tán tí tòní fi ń bá a níbẹ̀. Daonil, tó tún ń jẹ́ glibenclamide, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó ti ṣúgà wálẹ̀. Bó bá gbára jọ sínú ara, á tì í kọjá ibi tó yẹ. Abẹ́rẹ́ insulin náà máa ń pẹ́ lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí kíndìnrín bá ti rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó rí i pé ṣúgà òun ṣàdédé ń wálẹ̀ fúnra ẹ̀ kò fi gbọdọ̀ tètè jó ijó ìwòsàn.

Metformin ńkọ́? Oògùn dáadáa ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ló ń gbé e jáde. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní eGFR, inú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀. Tó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 45, dókítà gbọ́dọ̀ tún oògùn náà yẹ̀ wò, wọ́n sì sábà máa ń dín in kù. Tó bá wá sí ìsàlẹ̀ 30, a kì í lò ó mọ́, torí ásíìdì lè gba inú ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn sì ń pààyàn. Látọdún 2016 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní nọ́ńbà yìí ni kí wọ́n máa wò kí wọ́n tó fúnni.

Ẹ má tìtorí èyí da oògùn yín nù o! Ṣúgà tí a ò tọ́jú gan-an ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó sì lóògùn ṣúgà tó ń gba kíndìnrín là. Ìwádìí tó jáde ní 2020, tí wọ́n ṣe lára àwọn tó lé ní 4,000, fi hàn pé dapagliflozin ń dín bí kíndìnrín ṣe ń bàjẹ́ kù. Owó ẹ̀ ni ò rọrùn fún wa.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ibùprófẹ̀n àti díklófẹ́nàkì tí à ń gbé mì bí ẹ̀pà torí ìbàdí àti orúkún. Wọ́n ń kó bá kíndìnrín tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ká tún wá fi àgbo tí ẹnìkan ò wọn lé e. Mi ò bú ẹ̀yin elewé ọmọ o, inú ọjà kan náà la jọ wà.

Àyẹ̀wò méjì péré ni: ti ẹ̀jẹ̀ fún eGFR, ti ìtọ̀ láti wò bóyá purotéènì ń jò síbẹ̀. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún fún ẹnikẹ́ni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn kan á ní ta ló lówó lábù. Owó aṣọ ẹgbẹ́ tá a máa ń dá lọ́dọọdún ńkọ́? Tẹ́nìkan bá kú, ṣebí a máa ń rówó ìsìnkú.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sísọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ oògùn ẹ̀. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, èmi máa dìde sọ ọ́ pé kí ẹgbẹ́ yọ owó àyẹ̀wò yìí nínú àpò fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ bá mi gbé e lẹ́yìn. Kí kálukú sì mú páálí gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan èyí tí ọ̀rẹ́ fún un.