Kì í ṣe gbogbo egbò ẹnu ni kápúsù ń wò

Mo fẹ́ bá àwọn èèyàn wa sọ̀rọ̀ lórí egbò ẹnu tí kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ní Èjìgbò níbí, títí dé Ìlawó àti Ọlá, bí ẹnu bá ti ń ta èèyàn, kápúsù onípupa-àti-yẹ́lò la máa ń tú sójú egbò. Àwọn kan tilẹ̀ ń kán omi bátìrì séyín tó ń dùn wọ́n. Omi tó ń jẹ irin!

Oríṣi kan wà tí kì í ṣe kòkòrò ló ń fà á. Lichen planus ni àwọn dókítà ń pè é. Erasmus Wilson, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, ló fún un lórúkọ ní 1869. Ìlà funfun bí àwọ̀n á hàn nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibẹ̀ lè bó, kí ata má ṣeé jẹ mọ́. Ó máa ń mú àwọn ìyá wa ju ọkùnrin lọ. Kì í ràn o, ẹ má yọ abọ́ ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

Ara wa ní ọmọ ogun nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n sì ní ońṣẹ́ tí wọ́n fi ń pe ara wọn, àwọn pùrótéènì kéékèèké bíi interferon àti TNF. Bí ọ̀tá bá wọlé, ońṣẹ́ á ké, ogun á dé, ọ̀tá á kú, ariwo á dákẹ́. Nínú àrùn yìí, ariwo kì í dákẹ́. Àwọn ọmọ ogun á wá dojú kọ awọ ẹnu fúnra rẹ̀, bí ọdẹ alẹ́ tó ń yìnbọn sí onílé. Kòkòrò ni kápúsù ń pa, kò lè pa ońṣẹ́ lẹ́nu mọ́. Oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fi pa ibẹ̀ ló ń dín ariwo náà kù, ṣùgbọ́n dókítà ni kó júwe rẹ̀.

Nínú ọgọ́rùn-ún tó ní in, bí ẹnì kan ló ń di jẹjẹrẹ. Ó kéré, àfi tó bá jẹ́ ìyá ẹni. Egbò yòówù tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ní wọn, àmọ́ owó ọkọ̀ kì í ṣe kékeré fún arúgbó. Mo bẹ ìjọba Ọ̀ṣun, kí wọ́n máa rán dókítà eyín kan wá sí Èjìgbò lóṣooṣù, kó máa la ẹnu àwọn àgbà wa wò.

Kápẹ́ńtà tó ti fẹ̀yìn tì,
Èjìgbò.