Koríko Tó Ń Jókòó, Koríko Tó Ń Rìn

Nílẹ̀ wa, bí koríko bá ga níwájú ilé, ohun tí ará àdúgbò á kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé onílé ti kó lọ ni. Ìta gbígbá la mọ̀ sí ẹwà: kí ilẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ojú ìgbálẹ̀ máa hàn lára yẹ̀pẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ní kí ènìyàn gbin koríko sílé fún ẹwà, kó tún máa bomi rin ín, mo mọ irú ojú tí ìyá àgbà yóò fi wò mí. Ejò ńkọ́? Màá dá màmá lóhùn tó bá yá.

Ẹbí koríko tóbi ju bí a ṣe rò lọ. Àgbàdo, ìrẹsì, ọkà bàbà, ìrèké, títí kan ọparun, koríko ni gbogbo wọn, irú wọn sì lé ní 10,000 láyé. Ìsàlẹ̀ ni ewé koríko ti ń dàgbà, kì í ṣe ní ṣóńṣó. Ewúrẹ́ lè jẹ orí rẹ̀, àdá lè bẹ́ ẹ, iná ọ̀gbẹlẹ̀ lè jó o, ibi tí ewé tuntun ti ń yọ ṣì wà nílẹ̀ láìfarapa. Ohun tó ń dá àgbẹ̀ lágara yìí gan-an ló mú kí koríko rọrùn fún ẹni tó ń ṣọ̀gbà: ẹ gé e, á tún yọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbin èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Koríko tó ń jókòó wà, èyí tó ń rìn sì wà. Èyí tó ń jókòó, ìdí ìyá wọn ni èéhù rẹ̀ ń yọ mọ́, á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ̀ kún. Èyí tó ń rìn ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, ibi tí ẹ kò fojú sí ló ti máa yọ. Ẹ̀kan ni ọ̀gá wọn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Òun náà ni ṣóńṣó rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, tó ń gún iṣu nínú ebè. Ẹ sì wá gbọ́: lókè òkun, wọ́n ń ta irú ẹ̀kan kan tí ewé rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, Red Baron ni wọ́n ń pè é, fún ẹwà ọgbà. Bẹ́ẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka ẹ̀kan mọ́ èpò búburú, èyí tó pọ́n yẹn náà sì lè padà di aláwọ̀ ewé, kó sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa fi ọkọ́ lé kúrò lóko ni ẹlòmíràn ń sanwó mú wọlé.

Eèsún ní tirẹ̀ ń jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ga ju mítà 3 lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ létí odò.

Èyí tí èmi yóò ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni koóko ọba, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé tíì. Éṣíà ló ti wá. Kì í sábà yọ òdòdó, nítorí náà wọn kì í sábà gbin èso rẹ̀. Ìdí tí ẹ bá rí lọ́gbà, ara ìdí mìíràn ni wọ́n ti sábà ya á. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ hú ìdí kan tó ti dàgbà, kí ẹ ya èéhù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbòǹgbò. Ẹ gé ewé rẹ̀ kù díẹ̀, kí ó má baà máa fa omi tí gbòǹgbò kò tíì lè pèsè. Ẹ má rì í jìn, ọrùn rẹ̀ á jẹrà. Ẹ fi bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sáàárín wọn. Á dà bíi pé ó jìnnà jù lónìí, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù. Ibi tí omi ń dárogún sí kò bá a lára mu.

Lẹ́yìn ọdún bíi 3, àárín rẹ̀ á pá bí orí àgbàlagbà. Ẹ hú u, ẹ da àárín gbígbẹ nù, kí ẹ tún èéhù etí rẹ̀ gbìn. Ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn o! Irú ohun tó wà nínú yanrìn náà wà nínú ewé koríko, òun ló ń jẹ́ kí etí rẹ̀ máa gé ènìyàn lọ́wọ́.

Wọ́n ní koóko ọba ń lé ẹ̀fọn. Òróró inú ewé rẹ̀ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn bí a bá yọ ọ́ jáde. Kó kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò tó.

Ibi tí àgbàrá bá ti ń jẹ ilẹ̀ yín, koríko tí wọ́n ń pè ní fétífà ni kí ẹ wá. Íńdíà ló ti wá. Gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ tààrà sísàlẹ̀, ó lè jìn tó mítà 3. Irú èyí tí wọ́n ń gbìn kì í rìn, èso rẹ̀ kì í sì í hù. Ẹ gbìn ín súnmọ́ra lórí ìlà kan, kó dábùú ọ̀nà tí omi ń gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbi òtútù, bíi Lọ́ńdọ́nù, inú ìkòkò ni kí ẹ gbin koóko ọba sí, kí ẹ gbé e wọlé kí yìnyín tó dé, nítorí òtútù á pa á.

Ó ku ọ̀rọ̀ ejò. Àwọn kan ní ejò kì í dé ìdí koóko ọba, ẹ má gbọ́kàn lé e. Ewé gbígbẹ tó kó jọ sí ìdí rẹ̀ ni eku ń sùn sí, eku ni ejò sì ń wá wá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, ẹ gé ìdí kọ̀ọ̀kan kù bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ kó ewé gbígbẹ kúrò, kí ẹ má gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sì máa gbá àárín wọn mọ́. Màmá ṣì lè ní ìta gbígbá tirẹ̀.

Ẹ má tíì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì. Ẹ bèèrè èéhù mẹ́ta lọ́wọ́ aládùúgbò tó ní koóko ọba. Títí òjò ọdún tó ń bọ̀, ìdí mẹ́ta ti tó yín kọ́ṣẹ́.