Ẹ Fún Amusìgá Ní Nọ́ńbà Tó Lè Pè

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Lójú tèmi, ọfà la ti ń yọ sí àwọn amusìgá ní Nàìjíríà láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ fi ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń mu sìgá lè kú ní rèwerèwe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a sọ fún pé ikú ń bọ̀, tí a kò fi ọ̀nà àsálà hàn án, kí ni yóò ṣe? Yóò ṣáná sí òmíràn ni, kí àyà rẹ̀ lè balẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ìjọba àpapọ̀ gbé nọ́ńbà fóònù kan kalẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá lè pè láti Bàdágìrì dé Máídúgùri, kí ẹni tó gbọ́ṣẹ́ sì dá a lóhùn ní èdè tó gbọ́.

Mo mọ èsì tí yóò kọ́kọ́ wá. Àwọn kan á ní àfọwọ́fà ni, ta ló rán amusìgá níṣẹ́? Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Àti pé ọ̀pọ̀ amusìgá ni ọgbọ́n kò tíì kún inú wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wo ìsọ̀ kékeré ẹnu géètì gáréèjì èyíkéyìí n'Íbàdàn. Okùn ni wọ́n fi so láítà mọ́ igi ìsọ̀ náà, kí oníbàárà má baà gbé e lọ. Ike tọ́mtọ́m wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí sìgá tí wọ́n ti já: sìgá ẹyọ kan, tọ́mtọ́m ẹyọ kan, kí ará ilé má baà gbọ́ òórùn lẹ́nu. Òfin ìdarí tábà ti ọdún 2015 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta sìgá ní ẹyọ mọ́, pé páálí kan kò sì gbọdọ̀ dín ní 20. Òfin wà nílẹ̀, ẹyọ ṣì ń lọ. Ọmọkùnrin tí kò lè ra páálí lówó ẹyọ kan lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn á ní àwọn tó ń mu ún kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún 2012 fi hàn pé àgbàlagbà bíi mílíọ̀nù 4.5 ló ń lo tábà, pé 10 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin sì ń lò ó. Lóòótọ́, iye yìí kéré sí ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ṣebí kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni nikotíìnì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí èèyàn bá ti fa èéfín símú, ó ti dé ọpọlọ, ọpọlọ á sì máa retí rẹ̀. Ẹni tó bá jáwọ́, ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ló máa ń le jù fún un: inú á máa bí i láìnídìí, oorun á dá lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní pa pọ̀ sórí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òùngbẹ sìgá yẹn fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Bí èèyàn bá fara dà á fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, á rọlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún yìí ni mò ń pariwo lé lórí. Láti Ọ̀jọ́ọ̀ n'Íbàdàn, ta ló lè dé ọ̀dọ̀ dókítà láàárín rẹ̀? Fóònù wà lápò. (Àwọn kan á ní àdúrà ló gbà. Ẹ gbà á, ẹ ṣáà gbé fóònù dání.)

Ẹni tó bá gbé ìpè náà kò gbọdọ̀ wàásù. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ẹni tó pè ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá jí, ó máa ń tó ìgbà wo kẹ́ ẹ tó fa àkọ́kọ́?" Ẹni tó ń fà á kó tó bọ́jú lè nílò ṣingọ́ọ̀mù onínikotíìnì pẹ̀lú ìmọ̀ràn; ti ẹni tó ń dúró di ìrọ̀lẹ́ yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ dá ọjọ́, wọ́n á jọ wo ibi tí òùngbẹ ti ń mú un: lẹ́yìn oúnjẹ ni àbí nídìí ọtí. Tó bá wá di ọjọ́ tí wọ́n dá, olùgbaninímọ̀ràn ni yóò pè é. Yóò tún pè é lọ́jọ́ kẹta, yóò pè é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ibi tí agbára iṣẹ́ yìí wà nìyẹn. Nọ́ńbà tó kàn jókòó, tó ń retí kí wọ́n pe òun, ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe.

Àwa tí a ń fíláàṣì ara wa nítorí àìní káàdì kò ní rí nọ́ńbà tó ń pe èèyàn padà bí àjèjì. Wọ́n ti ń ṣe é ní Íńdíà: èèyàn lè fíláàṣì nọ́ńbà kan, kí àtẹ̀jíṣẹ́ ìmọ̀ràn máa wọlé sórí fóònù rẹ̀. Lọ́dún 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tiwọn ní Delhi, nígbà tó sì di 2018, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára páálí sìgá. Òfin tiwa náà ní kí ìkìlọ̀ gba ó kéré tán ìdajì ojú páálí. Àyè nọ́ńbà kò wọ́n níbẹ̀.

Owó ńkọ́? Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Láti 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń gba náírà kan lórí ẹyọ sìgá kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí owó orí tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó di náírà méjì ní 2019. Ní 2020, ó di náírà méjì àti kọ́bọ̀ 90. Òfin 2015 sì ti dá àpò owó ìdarí tábà sílẹ̀. Ẹni tó ń jẹ nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ sọ fún mi pé òun kò rí owó oṣù àwọn tí yóò máa gbé fóònù. Nígbà kòrónà, ṣebí nọ́ńbà 6232 ti NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ṣiṣẹ́, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pè.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí wọ́n sọ nọ́ńbà amusìgá yìí di iṣẹ́ ọ́fíìsì. Awakọ̀ tó ń gbéra lọ sí Kánò ní aago mẹ́rin ìdájí, ìdájí yẹn náà ló ń ṣáná sí àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá ní aago mẹ́jọ àárọ̀ làwọn máa ṣílẹ̀kùn, á ti fa tó ẹyọ márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìpè rẹ̀.