Bárakú àti Àṣàrò

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn: bárakú. Bí a bá tú u palẹ̀, bá, ara àti kú ni: ohun tí yóò bá ara kú. Nígbà tí a bá wí pé ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún ènìyàn, a ti dájọ́ fún un pé kò ní jáwọ́ títí ọjọ́ ikú. Èmi kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, àṣàrò sì wà lára ẹ̀rí mi.

Kì í ṣe ríronú lórí ẹsẹ Bíbélì nìkan ni mo ń pè ní àṣàrò. Kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, kí ó máa kíyè sí bí èémí rẹ̀ ti ń wọlé, tí ó ń jáde. Bí ọkàn bá ṣáko lọ, kí ó rọra dá a padà. Alan Marlatt, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Washington ní Seattle, tí ó dolóògbé ní 2011, kọ́ àwọn aláìsàn láti wo òùngbẹ ọtí bí ìgbì òkun. Wọn kò ní bá a jà, wọn kò sì ní jẹ́ kí ó gbé wọn lọ. Wọn yóò gùn ún títí yóò fi rọlẹ̀. Ẹ kíyè sí i: òùngbẹ ló kú, ara kò bá a kú.

Ní 2014, Sarah Bowen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 286 tí wọ́n ti parí ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ní oṣù mẹ́fà, àwọn tí a kọ́ ní àṣàrò kò sàn ju àwọn tí a kọ́ ní ọgbọ́n mìíràn láti má ṣe padà sídìí oògùn. Ìgbà tí ọdún pé ni ìyàtọ̀ yọjú: ọjọ́ tí wọ́n fi mutí tàbí lo oògùn kéré sí ti àwọn yòókù.

Síbẹ̀, àṣàrò kò rọ́pò dókítà. Ẹni tí ọtí ti mọ́ lára gan-an, bí ó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ lọ.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀sìn àjèjì ni. Òótọ́ ni pé Marlatt rí i kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí a dá sílẹ̀ ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1935, dárúkọ àdúrà àti àṣàrò pọ̀ nínú ìgbésẹ̀ kọkànlá rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí dídijú bá sì ń mú ìrántí burúkú wá, kí ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀.