Fókọ́ọ̀sì: Ìdí Ààrò Ló Ti Wá!

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá tẹjú mọ́ ìjà àwọn awakọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, tó wá ṣi ṣéńjì kọ́sítọ́mà kà, ó ti mọ ohun tó máa jáde lẹ́nu ọ̀gá ẹ̀: "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní fókọ́ọ̀sì rárá!" Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré o. Tó bá ti ń pọ̀ lẹ́nu ọ̀gá, ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù lè sún síwájú.

Ẹ bi ọ̀gá gan-an pé kí ni fókọ́ọ̀sì, yóò ní kéèyàn gbájú mọ́ nǹkan kan ṣoṣo ni. Kò parọ́. Àmọ́ ìdí ààrò lọ̀rọ̀ náà ti wá.

Àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ló ni ín. Ààrò inú ilé, níbi tí tọmọdé tàgbà ń rọ̀gbà yí ká, ni wọ́n ń pè ní focus lédè Látìn. Nígbà tó yá, wọ́n fi ń pe iná fúnra ẹ̀, ohun ló sì di fogo lẹ́nu àwọn Potogí. Èdè Potogí yìí náà sì làwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì bọ̀ láyé àwọn baba ńlá wa gbé wọ Pópó Àgùdà, tí kò jìnnà sí Ìdúmọ̀tà. Àṣé ọ̀rọ̀ ọ̀gá ti lẹ́bí l'Ékòó látọjọ́ yìí!

Johannes Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Jámánì, ló lo focus nínú ìwé tó kọ nípa ìmọ́lẹ̀ lọ́dún 1604. Ẹ mú dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ẹ fi gba oòrùn sórí bébà. Ojú kan tí ìmọ́lẹ̀ náà ti pàdé, kò ní í pẹ́ tí èéfín á fi rú níbẹ̀. Ààrò kóńkóló ni! Dígí yìí kan náà ló wà lẹ́nu kámẹ́rà. Bí fọtogíráfà ò bá yí i dáadáa, ojú ìyàwó á ṣe bàìbàì nínú fọ́tò, ariwo á sì sọ.

Ṣùgbọ́n ààrò tí wọn ò kó igi sí ńkọ́? Ọmọ tó ti Ìkòròdú jáde láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, tí aago méjì ọ̀sán lù, tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu, òun ni wọ́n ń bá wí pé kò ní fókọ́ọ̀sì. Kí ọ̀gá fún un lówó ẹ̀wà àti búrẹ́dì ná, kó tún wá kó owó náà fún un kà.