Ẹ Bá Wa Fi Yorùbá Kọ Ìwé Eyín

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. N kò gé aṣọ oníbàárà kankan rí kí n má kọ́kọ́ fi ibi tí sísọ́ọ̀sì máa gbà hàn án. Bí ọrùn á bá wálẹ̀, mo máa fi ìka tọ́ ọ lára rẹ̀. Bí aṣọ á bá súnkì, mo máa wí i kó tó sanwó. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gé ẹran ara tèmi, ìwé kan ni wọ́n nà sí mi pé kí n fọwọ́ sí, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Ẹni tí eyín ti ń ro fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kì í ní sùúrù ìwé kíkà.

Eyín ìkẹyìn pátápátá ni, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Eyín ọgbọ́n ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn, torí pé láàárín ọdún 17 sí 25 ló sábà máa ń yọ, nígbà tó yẹ kí èèyàn ti máa gbọ́n. Tèmi kò yọ tán. Ìdajì rẹ̀ wà níta, ìdajì wà lábẹ́ ẹran ìdí eyín, oúnjẹ wá ń há sí abẹ́ ẹran náà. Ó wú, ó ń ro mọ́ etí, ẹnu mi kò là ju ìka kan lọ. Gbogbo oògùn tí àdúgbò mọ̀ ni wọ́n kà fún mi. Kànáfùrù mú un rọ̀ díẹ̀, n kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí òróró kànáfùrù wà lára ohun tí àwọn dókítà eyín fúnra wọn ń lò. Ẹni tó ní kí n fi òwú tọ omi bátìrì sí i ni n kò dá lóhùn. Ásíìdì ni omi bátìrì. Ẹran ẹnu ló máa jó, eyín á sì jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, eyín náà kò tilẹ̀ dúró. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó forí ti èyí tó wà níwájú rẹ̀. Wọn kò yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi kí wíwú náà lè wálẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ni wọ́n yẹ ìfúnpá mi wò, wọ́n bèèrè nípa ìtọ̀ ṣúgà, oyún, ikọ́ fée àti gbogbo oògùn tí mò ń lò. Mo ní ọgbẹ́ inú. Ìyẹn ni wọ́n ṣe yọ ibuprofen kúrò nínú oògùn ìrora mi, tí wọ́n fi paracetamol rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún wọn. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó wí i, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ni dókítà náà. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ lórí àga yẹn, èmi ni ọmọdé. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ro mí ju ìgbà tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì bá gún mi níka lọ, ìyẹn sì ti ṣẹlẹ̀ sí mi láìmọye ìgbà. Kò pẹ́, ètè mi kú. Ni àyà mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ní ó ti parí nìyẹn. Mo ti ń ro ẹni tó máa bá mi dá aṣọ ìyàwó tó wà lórí tábìlì mi padà fún ẹni tó ni ín. Ìgbà tí mo di ọwọ́ dókítà mú ló tó ṣàlàyé pé adrenaline díẹ̀ wà nínú oògùn náà, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lè fún, kí ẹ̀jẹ̀ má pọ̀, kí oògùn náà sì lè pẹ́ níbẹ̀. Òun ló ń mú àyà sáré fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí n tó mí kanlẹ̀ tán, ó ti rọlẹ̀. Ṣé a ò wá lè sọ èyí kí abẹ́rẹ́ tó wọlé ni?

Lidocaine ni wọ́n ń pe oògùn náà. Ọmọ mi bá mi wá a lórí fóònù: Nils Löfgren, ará Sweden, ló ṣe é ní 1943. N kò rí ọkùnrin náà rí, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń bẹ̀rù àga yẹn mọ̀ nìyí. Oògùn náà ń pa ìrora, kò lè pa títì. Ẹ máa mọ̀ pé wọ́n ń tì yín, pé wọ́n ń fà yín, ariwo á sì máa dún nínú egungun orí yín bíi máṣíìnì tí kò rí epo. Ìyẹn kò sọ pé oògùn kò ràn. Bó bá ro yín ní ìrora gidi, ẹ na ọwọ́ òsì sókè, wọn á fi kún un. Ní tèmi, wọ́n la ẹran, wọ́n ha egungun díẹ̀, wọ́n gé eyín sí méjì, wọ́n sì yọ ọ́ ní abala abala. Ogójì ìṣẹ́jú.

Nígbà tó kan rírán, mo lajú mi. Mò ń wò ó lára gíláàsì iná tó wà lókè orí mi. Abẹ́rẹ́ náà tẹ̀ bí èyí tí àwọn tó ń rán ìjókòó mọ́tò ń lò. Òwú sílíìkì dúdú. Kò fi ìka so ó, ẹ̀mú ló fi so ó, kókó mẹ́ta, ó gé etí òwú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ yẹn lè wá ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Bí mo ṣe ń jáde ni wọ́n na ìwé kejì sí mi. Gẹ̀ẹ́sì tún ni. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ òwú wà lẹ́nu mi, orí mi ń fò lọ, ahọ́n mi dà bíi ti ẹlòmíì. Ta ló máa bi í ní ìbéèrè?

N kò ṣàdédé bínú sí ìwé yẹn o. Aládùúgbò mi kan tó ń ta ẹ̀wà lọ yọ èrìgì kan ní oṣù mẹ́ta ṣáájú mi, níbòmíì. Wọ́n yọ ọ́ dáadáa, wọ́n fún un ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó ká a sínú Bíbélì. Nígbà tó délé, ẹ̀jẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ló bá po iyọ̀ sínú omi gbígbóná, ó fi ṣan ẹnu ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó sùn. Ìmọ́tótó ló rò pé òun ń ṣe. Kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sínú ihò eyín ni ìdérí egbò náà, pé bó bá ṣí kúrò, egungun ló wà níta gbangba yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, ìrora gba etí gba àtàrí, ẹnu ń rùn, oògùn kò ràn án. Ó ń ṣépè fún dókítà. Ìgbà tó mú ìwé náà wá fún mi ni mo rí i ní ìlà kẹta: ẹ má ṣe fi omi ṣan ẹnu títí wákàtí 24 á fi kọjá. Ó padà lọ, wọ́n fọ ihò náà fún un, wọ́n fi oògùn tó ń rùn bíi kànáfùrù dí i, ó sì sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti 1859 tí Ìwé Ìròyìn ti jáde ní Abẹ́òkúta ni a ti ń fi Yorùbá tẹ ìròyìn ayé, ọ̀rọ̀ eyín ló wá fẹ́ wọ́n wa? Mo jókòó, mo sì fi Yorùbá kọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé eyín náà sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà. Ẹ̀jẹ̀, iyọ̀, òwú, ìrọ̀rí: kò sí ọ̀kankan tí màmá mi ò mọ̀.

Mo kọ ọ́ pé: ẹ di òwú mẹ́yín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má máa yọ ọ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó bá pò mọ́ itọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní máa ń dà bí ẹni pé ó pọ̀, itọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ gbé e mì, ẹ má tutọ́. Ẹ má fa sìgá, ẹ má fi sítírọ́ọ̀ fa mínírà. Ẹ fi píọ̀ wọ́tà dídì tí ẹ wé mọ́ aṣọ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ sì fi ìrọ̀rí méjì sùn. Ẹ̀kọ tó ti tutù dára, àmàlà tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́ náà dára, ẹ má gé ètè tó ti kú jẹ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ kejì, omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, jẹ́jẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa wú jù lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta. Èyí ni mo fi àmì sí nísàlẹ̀, torí pé tèmi tóbi tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta tí ọmọ mi fi ní kí n má jáde. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn tí ẹ ti fi òwú tẹ̀ ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí ibà mú yín, tí ètè tàbí ahọ́n ṣì kú lọ́jọ́ kejì, ẹ padà lọ. Bí wíwú bá sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, tí mímí tàbí gbígbé itọ́ mì ń nira, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Lọ́jọ́ keje tí mo lọ tú òwú, mo fún dókítà náà ní ìwé mi. Ó kà á sókè, ó ṣi ohùn sọ lójú ẹ̀ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun gan-an," ó sì kì í bọ àpò aṣọ funfun rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sin ọmọ iṣẹ́ mi lọ síbẹ̀, wọ́n fẹ́ gé kókó olómi kan tó yọ sí i nínú ètè. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi jáde, òwú lẹ́nu, ó na ìwé tí wọ́n fún un sí mi pé kí n bá òun kà á. Mo tẹ́ ẹ sórí itan mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ fún un.