Rọpárọsẹ̀ kékeré: Ìdí tí kò fi yẹ kí ara tó tètè padà bọ̀ sípò tan àwọn àgbàlagbà jẹ ní Tamale

Ká ní bàbá kan tó ti lé ní 70 ọdún jókòó lẹ́yìn ìrun Àsùbá nílé rẹ̀ ní Tamale, ní àríwá Ghana, tó fẹ́ gbé ife tíì sẹ́nu. Ife náà já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó fẹ́ pe ọmọ rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí wọ́n tó rí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn, láàárín ìṣẹ́jú 15 péré, ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì ti já geere. Ará ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ní oòrùn àná ló mú un, wọ́n sì ní kí ọlọ́kẹ̀kẹ́ máa lọ.

Ohun tó ṣe irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń pè ní TIA, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí rọpárọsẹ̀ kékeré. Orúkọ yìí fúnra rẹ̀ kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nítorí kò sí ohun tó kéré nínú àìsàn náà ju àkókò tó gbà lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló sábà máa ń dí ọ̀kan nínú àwọn òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ. Bí ohun tó dí ọ̀nà náà bá yọ́ kíá, ara yóò padà bọ̀ sípò. Bí kò bá yọ́, rọpárọsẹ̀ gidi ló dé yẹn. Nígbà kan rí, ohun tí àwọn dókítà ń wò ni bóyá àmì náà lọ kí wákàtí 24 tó pé. Láti ọdún 2009, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa rọpárọsẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n pa aago tì, kí wọ́n wo bóyá ọpọlọ farapa. Ẹlòmíràn wà tí ara rẹ̀ yá láàárín wákàtí kan, tí àwòrán inú ọpọlọ sì fi ọgbẹ́ hàn. Kò sí ẹni tó lè fojú mọ èyí nínú ilé.

Bí kò bá sí ìtọ́jú, nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́wàá tó ní TIA ni rọpárọsẹ̀ gidi máa ń kọlù láàárín oṣù mẹ́ta. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló sì máa ń kọlu nǹkan bí ìdajì wọn. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Rothwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford gbé jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé àyẹ̀wò àti ìtọ́jú lọ́gán dín ewu náà kù ní nǹkan bí ìdá 80 nínú 100. Oògùn tí wọ́n lò kì í ṣe àràmàǹdà. Èyí tó wọ́pọ̀ nílé ìwòsàn ni, wọ́n kàn tètè lò ó ni.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè dá àmì rẹ̀ mọ̀?

Àwọn olùwádìí láti Nàìjíríà àti Ghana ti túmọ̀ ìbéèrè mẹ́jọ kan sí èdè Yorùbá, Hausa àti Akan láti fi mọ ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti fọwọ́ kàn rí. Dagbani, èdè àwọn onílẹ̀ Tamale, kò sí lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ìbéèrè náà rọrùn láti béèrè ní èdèkédè. Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ kò lágbára mọ́ lójijì, láìsí ìrora? Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan kú bí ẹni pé kì í ṣe tìrẹ? Ṣé ojú rẹ ṣókùnkùn lójijì, tàbí ìdajì ohun tí ò ń wò pòórá? Ṣé o kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ yé mọ́, tàbí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ tí kò ṣeé sọ jáde?

Ọ̀rọ̀ méjì ló ṣe kókó níbẹ̀: lójijì, àti ẹ̀gbẹ́ kan. Ní Tamale, níbi tí ooru oṣù Kẹta àti Kẹrin ti máa ń súnmọ́ 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru oòrùn, tàbí ru ààwẹ̀ nígbà Ramadan. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ oòrùn máa ń mú gbogbo ara ni, kì í mú ọwọ́ ọ̀tún kó fi ti òsì sílẹ̀. Ní ti ẹni tó ní ìtọ̀ súgà, àìtó súgà nínú ẹ̀jẹ̀ lè fara jọ àmì wọ̀nyí. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Àwọn kan ṣì gbà pé ọ̀tá ló ń ta ènìyàn lọ́fà tí ẹ̀gbà fi ń mú un. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má gbàdúrà. Wákàtí tí wọ́n bá lò nílé aláàfáà tàbí nílé babaláwo kí wọ́n tó rántí dókítà ni ìṣòro.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú nínú ohun tó ń fà á. Ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn darí ní Ghana àti Nàìjíríà, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet Global Health lọ́dún 2018, sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n wo àwọn aláìsàn tó lé ní 2,000. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló tú sínú ọpọlọ wọn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ará ilé fún aláìsàn ní aspirin kí dókítà tó rí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, oògùn náà lè mú kó burú sí i.

Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Tamale ni wọ́n ń darí aláìsàn sí láti gbogbo àríwá Ghana. 112 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Ẹni tó bá ti pé 70 ọdún kì í san owó ìdá ọdọọdún fún ètò ìlera ìjọba, NHIS, bí ó bá ti forúkọ sílẹ̀.

Yorùbá ti pẹ́ ní Tamale. Òfin tí ìjọba Kofi Busia ṣe ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 lé ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ṣakí padà sílé, ó sì tú ẹbí ká sí orílẹ̀-èdè méjì. Fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀, orí fóònù ni ọmọ ti lè kọ́kọ́ gbọ́ pé ohùn ìyá òun yí padà. Kí ó má gbé fóònù sílẹ̀ nígbà tí ìyá bá ní “ó ti lọ.” Kí ó ní kí wọ́n fún ẹni tó wà nítòsí ní fóònù, kí ó béèrè aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó dáwọ́ dúró, ẹ̀gbẹ́ tó mú, kí ó sì ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn tí ìyá ń lò dání lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.